Kí ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́ nínú eré jíju ohun wúwo ti Skọ́tílándì?

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Aberdeen:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lọ wòran níbi eré ìbílẹ̀ àwọn ará òkè Skọ́tílándì tí wọ́n ń pè ní Highland Games, ti Aboyne nínú oṣù Kẹjọ àti ti Braemar tó máa ń bọ́ sí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án. Lọ́dún yìí, mo fẹ́ kúrò ní ipò òǹwòran kí èmi náà máa jù ú. Àwọn kan ní àdúgbò mi ti gbà mí sí àárín wọn, wọ́n sì ń jẹ́ kí n lo ohun èlò wọn. Ohun tó ń rú mi lójú ni pé irin tí mò ń gbé ní jíìmù wúwo ju ti ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, síbẹ̀ bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí kò sì ga tó mi, ń ju irin 28 pọ́ùn kọjá ibi tí tèmi ń balẹ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú rẹ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ kọ́, èwo sì ni kí n fi sílẹ̀ di ìgbà tó bá yá?

Bàbá Tómiwá, Dundee:

Àbúrò mi, káàbọ̀. Ohun tí o rí lára bàbá yẹn kì í ṣe oògùn. Ẹsẹ̀ àti ìbàdí ni òun fi ń jù ú, ọwọ́ ni ìwọ fi ń jù ú. Gbogbo ìmọ̀ràn tí o máa gbà níbí, orí ọ̀rọ̀ yìí ni yóò máa padà sí.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí jíju irin sí ọ̀nà jíjìn, nítorí pé òun ni o mẹ́nu bà. Irin méjì ni àwọn ọkùnrin ń jù, ti 28 pọ́ùn àti ti 56 pọ́ùn, nígbà tí ti àwọn obìnrin jẹ́ 14 àti 28. Ibi tí àwọn nọ́ḿbà wọ̀nyí ti wá ni òṣùwọ̀n àtijọ́ tí àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ń lò, tó jẹ́ 112 pọ́ùn: ìdajì rẹ̀ ni 56, ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni 28. Ẹ̀wọ̀n kúkúrú àti òrùka ìdìmú wà lórí irin náà, gbogbo gígùn rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju íǹṣì 18 lọ. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni a fi ń jù ú. Àyè tí wọ́n fún ọ láti yí nínú rẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4 àbọ̀, ó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9, igi kan tí wọ́n ń pè ní trig ló sì wà ní iwájú rẹ̀, tí o kò gbọ́dọ̀ tẹ orí rẹ̀ tàbí ré kọjá rẹ̀.

Ní báyìí ná, má tíì yí rárá. Tí o bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, gbé ẹsẹ̀ òsì sí ẹ̀gbẹ́ trig, gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, kí àlàfo àárín wọn fẹ̀ ju èjìká rẹ lọ díẹ̀, kí o sì yí àyà rẹ kúrò lọ́dọ̀ pápá. Tẹ orúnkún ọ̀tún, gbé ara lé e, kí irin náà sì so rọ̀ lẹ́yìn rẹ ní ọwọ́ ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, kí gìgísẹ̀ ọ̀tún kọ́kọ́ yí, kí orúnkún tẹ̀lé e, kí ìbàdí tẹ̀lé orúnkún, kí àyà tẹ̀lé ìbàdí, kí ọwọ́ sì gbẹ̀yìn gbogbo wọn. Kí ẹsẹ̀ òsì nà gbọnrangandan ní àkókò yẹn gan-an, kí ó lè dá ara rẹ dúró, kí gbogbo eré tí ara ti sá lè bọ́ sínú irin. Ní ti ọwọ́, okùn tí a so mọ́ garawa ni: okùn kọ́ ló ń fa omi, ẹni tó dì í mú ni. Bí o bá tẹ ìgúnpá láti fi fa irin náà, o ti gé ọ̀nà tí ó ń gbà kúrú, o sì ti gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé iṣan apá tí kò lè gbà á.

Ìgbà tí èyí bá ti mọ́ ọ lára ni kí o tó yí lẹ́ẹ̀kan, kí o tó wá yí lẹ́ẹ̀mejì bí àwọn àgbà ti ń ṣe. Láìgbé nǹkan kan dání ni kí o kọ́kọ́ fi kọ́ ẹsẹ̀. Fa ìlà kan sórí kóríko, kí o máa yí lọ lórí rẹ̀, kí o sì wò ó bóyá o ṣì wà lórí ìlà nígbà tí o bá dúró. Yíyí àkọ́kọ́ máa ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, èkejì ló máa ń yára. Ọ̀pọ̀ ẹni tuntun ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré àsápajúdé, tí wọ́n á sì fi dé iwájú láìní eré kankan mọ́, nítorí pé irin ti ṣáájú wọn dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí irin máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ìyá Àdùkẹ́, Glasgow:

Mo bá Bàbá Tómiwá lọ lórí ọ̀rọ̀ ìbàdí, ṣùgbọ́n n kò gbà pé irin ni kí ẹni tuntun fi bẹ̀rẹ̀. Òkúta ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin tí mò ń kọ́, pàápàá òkúta tí wọ́n fi orúkọ Braemar pè, nítorí pé òfin rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí ènìyàn sáré tàbí kí ó yí. Ìdúró lójú kan ni. Ẹni tí kò bá fi ẹsẹ̀ jù ú, kò ní ohun mìíràn tí yóò fi bò ó mọ́lẹ̀, àléébù rẹ̀ yóò hàn kedere. Ti àwọn ọkùnrin máa ń wà láàárín 20 sí 26 pọ́ùn, ti àwa obìnrin láàárín 13 sí 18. Òkúta kejì, èyí tó fúyẹ́ jù ú lọ, ni wọ́n ti ń gba ènìyàn láyè láti fò wá láti ẹ̀yìn tàbí láti yí.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan, ẹ̀yin tí ẹ ti ju irin róbótó ti ilé ẹ̀kọ́ rí: òkúta wọ̀nyí kò róbótó. Inú odò ni wọ́n ti ṣa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìrísí wọn yàtọ̀ síra láti pápá kan sí òmíràn. Kí ẹ tó jù ú, ẹ gbé e sórí ọwọ́, kí ẹ máa yí i títí tí ẹ ó fi rí ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ díẹ̀, kí ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ yẹn lé ìdí àwọn ìka mẹ́ta tó wà láàárín, kí àtàǹpàkò àti ìka kékeré dúró sí ẹ̀gbẹ́ láti máa ṣọ́ ọ. Kò gbọ́dọ̀ wọlé sínú àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tì í mọ́ ọrùn lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ọwọ́ kejì ràn án lọ́wọ́ títí tí yóò fi jókòó dáadáa. Kí ìgúnpá wà lókè, lẹ́yìn òkúta. Bí ìgúnpá bá já wálẹ̀, sísọ ni ẹ ó máa sọ ọ́ bí ẹni sọ bọ́ọ̀lù, èjìká yóò sì sọ fún yín ní ọjọ́ kejì.

Ohun tí mo máa ń wò ni gìgísẹ̀ ọ̀tún. Bí ó bá ṣì tẹ ilẹ̀ nígbà tí òkúta kúrò lọ́wọ́, a jẹ́ pé ìbàdí kò yí, apá nìkan ló ṣiṣẹ́. Ẹ fi fóònù ya fídíò ara yín láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ dá a dúró níbi tí òkúta ti ń kúrò lọ́rùn, ẹ ó rí i fúnra yín, n kò ní láti sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọmọ Ìlá, Atlanta:

Ẹ kú ìjíròrò o. Lọ́dọ̀ wa níbí, eré Stone Mountain máa ń wáyé nínú oṣù Kẹwàá, wọ́n sì máa ń pín àwọn tó ń jù ú sí ìpele ní Amẹ́ríkà, A, B àti C, pẹ̀lú ti àwọn àgbà tó ti pé 40 ọdún, ti àwọn obìnrin, àti ti àwọn tí ara wọn kò tó 200 pọ́ùn. Nítorí náà, ẹni tuntun kì í ṣàdédé bá ara rẹ̀ láàárín àwọn òmìrán.

Kò sí ẹni tó tíì sọ̀rọ̀ nípa ìtì igi tí wọ́n ń pè ní caber, bẹ́ẹ̀ òun ni gbogbo òǹwòran ń dúró dè. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ẹni tó bá jù ú jìnnà jù lọ ló borí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdojúdé ni wọ́n ń wò. Orí tó nípọn ló wà lókè nígbà tí a gbé e dání, orí tó tín-ín-rín ló wà lọ́wọ́ wa; orí tó nípọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kí èyí tó wà lọ́wọ́ wa gòkè, kí ó gba orí rẹ̀ kọjá, kí ó sì ṣubú síwájú. Adájọ́ á máa fojú wò ó bíi pé aago ni ilẹ̀ náà: bí ìtì náà bá sùn tààrà kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó jù ú, aago 12 ni, kò sí èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá yẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀, ó lè jẹ́ aago 1, bí ó bá yẹ̀ sí òsì, aago 11. Ti Braemar gan-an gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 19 àti íǹṣì 9, ó sì wúwo tó 120 pọ́ùn.

Ẹni tuntun kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ irú èyí. Ẹ wá ìtì tó kúrú tó sì fúyẹ́, kí ẹ sì fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ kọ́ gbígbé e nìkan láìjù ú. Ẹnì kan yóò gbé e dúró fún yín, ẹ ó fi èjìká tì í, ẹ ó lọ́ àwọn ìka ọwọ́ méjèèjì mọ́ra, ẹ ó lóṣòó, ẹ ó sì fi ọwọ́ rá wálẹ̀ lára rẹ̀ títí dé ìdí. Ibi tó ṣòro nìyí: ẹ gbọ́dọ̀ já a sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọwọ́ yín sì ti wà lábẹ́ rẹ̀ kí ó tó padà bọ̀. Ẹ̀yìn yín kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ní àkókò yìí. Nígbà tí ẹ bá ti dìde, ẹ jẹ́ kí ó farabalẹ̀ mọ́ èjìká àti ọrùn kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ kankan. Ìtì náà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ìgbà tó yẹ kí ẹ sáré: bí orí rẹ̀ bá ti ń tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ tẹ̀lé e, kí ẹ máa yára sí i, kí ẹ wá dúró lójijì. Bí ẹ ti dúró, orí òkè yóò máa bá eré lọ, ìdí rẹ̀ yóò sì fẹ́ gòkè. Ẹ tẹ orúnkún, ẹ fi ẹsẹ̀ dìde, kí ẹ fà á sókè gba iwájú ojú yín. Bí ẹ bá tì í síwájú dípò kí ẹ fà á sókè, kò ní dojú dé láéláé.

Bí ó bá sì já mọ́ yín lọ́wọ́ nígbàkigbà, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹni tó bá ń gbìyànjú láti gbá ìtì tó ti yẹ̀ mú padà ni ó máa ń fara pa.

Bàbá Tómiwá, Dundee:

Ọmọ Ìlá ti sọ ọ́ dáadáa. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé kí caber gbẹ̀yìn nínú ohun tí àbúrò wa yóò kọ́, bó ti wù kí ọkàn rẹ̀ fà sí i tó.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Aberdeen:

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀rọ̀ gìgísẹ̀ yẹn nìkan ti jẹ́ kí n wo fídíò mi pẹ̀lú ojú mìíràn. Ẹ jọ̀wọ́, òòlù ńkọ́? Mo rí i pé àwọn kan ń wọ bàtà tí abẹ irin yọ síwájú rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀. Ṣé dandan ni?

Ìyá Àdùkẹ́, Glasgow:

Kì í ṣe dandan fún ẹni tuntun. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí abẹ náà wà fún. Òòlù Skọ́tílándì yàtọ̀ sí ti òlíńpíìkì, nítorí pé ọ̀pá gbọọrọ tí kì í tẹ̀ bíi wáyà ló ní, a kì í sì í yí pẹ̀lú rẹ̀. A ó kọ ẹ̀yìn sí pápá, ẹsẹ̀ wa kò ní kúrò lójú kan, a ó máa fi òòlù yí orí wa ká ní ìgbà mélòó kan, lẹ́yìn náà a ó fi sílẹ̀ gba orí èjìká òsì kọjá sẹ́yìn. Ti àwọn ọkùnrin jẹ́ 16 àti 22 pọ́ùn, tiwa jẹ́ 12 àti 16. Ní òpin rẹ̀, òòlù máa ń fẹ́ gbé ènìyàn kúrò nílẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ti mọ̀ ọ́n fi ń gún abẹ iwájú bàtà wọ inú ilẹ̀. Ẹni tí kò tíì lè fi òòlù fà débẹ̀ kò nílò rẹ̀. Bàtà bọ́ọ̀lù tó dára ti tó fún yín.

Ibi tí òòlù ti máa ń lọ sílẹ̀ jù lọ gbọ́dọ̀ wà níwájú yín ní ìhà ọ̀tún, ibi tí ó ti máa ń ga jù lọ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn yín ní ìhà òsì. Bí òòlù bá wà níwájú, kí ìdí yín lọ sẹ́yìn. Bí òòlù bá lọ sẹ́yìn, kí ìbàdí yín wá síwájú. Ẹ jẹ́ kí apá nà tán. Ẹ fi ọ̀pá lásán tàbí òòlù tó fúyẹ́ kọ́ ọ títí tí ìyíká yóò fi rọrùn, tí ẹ kò sì ní máa mi ẹsẹ̀. N kò fi ti ewu ṣeré rárá: kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sí iwájú ẹni tó ń ju òòlù, nítorí pé lọ́wọ́ ẹni tuntun, gbogbo ìhà ni ó lè gbà lọ. Ẹ rí i pé àwọ̀n wà, tàbí pé pápá náà ṣófo pátápátá.

Olùtọ́jú Iṣan, Manchester:

Ara ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ ara ni tèmi. Arákùnrin yìí sọ pé irin jíìmù òun wúwo. Ó dára, ṣùgbọ́n agbára fífà jẹ́jẹ́ àti agbára jíjù kì í ṣe ọ̀kan náà. Donald Dinnie, tí wọ́n bí ní 1837 nítòsí Aboyne yẹn gan-an, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òkúta méjì tó wà ní Potarch, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 733 pọ́ùn, síbẹ̀ kì í ṣe gbígbé òkúta nìkan ló sọ ọ́ di olókìkí, ó jẹ́ eléré ìje, oníjàkadì àti ajùkúta pẹ̀lú. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tí wọ́n wá sọ́dọ̀ mi ni pé kí wọ́n má ṣe sọ jíìmù nù, kí wọ́n kàn fi fífò sókè àti fífi ọwọ́ kan fì irin olórùka ti jíìmù (kettlebell) láàárín ẹsẹ̀ kún un, kí wọ́n sì jẹ́ kí lílóṣòó pẹ̀lú irin lórí èjìká yára nígbà tí wọ́n bá ń dìde.

Ibi tó máa ń bàjẹ́ lára ẹni tuntun kò pọ̀. Awọ ìka máa ń ṣí nítorí òrùka irin, ẹ fi téèpù wé e kí ẹ sì fi ẹfun ìdìmú pa ọwọ́. Iṣan apá máa ń fà bí ènìyàn bá tẹ ìgúnpá, Bàbá Tómiwá ti sọ ìyẹn. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn máa ń dun àwọn tí wọ́n sáré lọ gbé 56 kí wọ́n tó mọ 28. Ẹ máa fi ọwọ́ òsì ju àwọn tó fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ìhà kan ṣoṣo ni eré yìí ń lò, ìhà kejì sì máa ń jẹ gbèsè rẹ̀. Bí irin bá ti ń balẹ̀ sí ibi tó kúrú sí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, ẹ kó ẹrù yín, ìdánrawò ọjọ́ náà ti parí.

Bàbá Tómiwá, Dundee:

Ó ku irin jíjù gba orí ọ̀pá ìdábùú. Ti 56 pọ́ùn ni fún ọkùnrin, ọwọ́ kan, ìgbìyànjú mẹ́ta ní gíga kọ̀ọ̀kan. Ó jọ pé òun ló rọrùn jù, nítorí pé ojú kan ni a máa ń dúró sí: a ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀pá, a ó fì irin náà gba àárín ẹsẹ̀, a ó sì fi ìbàdí gbà á sókè kọjá orí. Ibi tí a dúró sí ló ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kọ́kọ́ jù ú láìsí ọ̀pá, kí ẹlòmíràn sì wo ibi tí ó ti ga jù lọ. Abẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀pá yẹ kí ó wà. Bí irin bá ń gbá ọ̀pá nígbà tí ó ń gòkè, o ti sún mọ́ ọn jù. Bí ó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó dé ọ̀pá, o ti jìnnà jù. Má ṣe tú u sílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ tó ré kọjá iwájú orí. Gbé ojú sókè wò ó bí o ti tú u sílẹ̀, kí o sì bọ́ síwájú, nítorí pé ohun tó lọ sókè tààrà lè padà wá sórí ẹni tó jù ú.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Aberdeen:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Ní ti ọjọ́ ìdíje, wọ́n ní kílítì, aṣọ bíi yẹ̀rì tí àwọn ọkùnrin Skọ́tílándì máa ń wọ̀, jẹ́ dandan. Ṣé mo lè máa fi ṣòkòtò kúkúrú ṣe ìdánrawò títí di ọjọ́ náà?

Ọmọ Ìlá, Atlanta:

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún òkúta àti òòlù, ṣùgbọ́n ẹ wọ kílítì ní ìgbà díẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, pàápàá fún irin orí ọ̀pá. Irin náà ń gba àárín ẹsẹ̀ kọjá, òrùka rẹ̀ sì máa ń kọ́ etí aṣọ bí ènìyàn kò bá tíì mọ bí yóò ṣe yà ẹsẹ̀ tó. Ẹ wọ ṣòkòtò kúkúrú tó fún mọ́ra sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ yín fún irin ọ̀nà jíjìn, ẹ ju ti àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta láìyí rárá, kí ẹ ti ní ìwọ̀n kan nínú ìwé adájọ́, kí ẹ tó fi méjì yòókù dán yíyí wò.